Obìnrin Orí Ọmọrí Ìkòkò

Ọ̀sẹ̀ tí a parí ìdánwò ìparí sáà ni ọkọ̀ sinimá dé láti Àkúrẹ́ sí ilé ìwé wa ní Ìjerò. Oǹdó ni ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni ohun gbogbo tó jẹ́ ti ìjọba ti ń wá: ìwé ìgbéga, alábẹ̀wò ilé ìwé, oògùn kòkó, títí kan sinimá. Olùkọ́ ìtàn ni mí níbẹ̀, mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi ti di olóògbé, èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé nínú ilé tó kọ́ fún un.

Ohun tí ọkọ̀ yẹn sábà máa ń fi hàn wá kò ju bí a ṣe ń fín kòkó àti bí a ṣe ń se omi kí a tó mu ún. Nígbà tí ọ̀gá wa wá kéde pé ìtàn gidi ni ti ọjọ́ yìí, pé kí àwọn òbí tó bá ráyè máa bọ̀, ńṣe ni gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀sán gangan ni, nítorí náà a fi ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo fèrèsé kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Ooru mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó ń rí lójú aṣọ funfun fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn wa, bí ẹni pé wọn kò lójú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìtàn náà dá lórí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ kan tó gbẹ, tí kò ní igi. Òkè kan wà lẹ́yìn abúlé wọn, inú òkè náà ni wọ́n máa ń sin àwọn ọba sí láyé àtijọ́. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò láti inú ilé ìdáná tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ihò náà fi já sínú sàréè. Ó ń kó ẹ̀gbà wúrà, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò jáde. Ẹnì kan tó dé fìlà funfun ń wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tà á fún onísọ́ọ̀bù ní ìlú ńlá, onísọ́ọ̀bù náà ń tà á fún àwọn òyìnbó. Wọ́n fi obìnrin òyìnbó kan hàn wá tó gbé ìkòkò ọba sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, tó ki òdòdó bọ inú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Ibì kan wà tí ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ wà nínú ihò, ìyàwó jókòó sétí ihò, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ ń kó nǹkan lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó ń tò ó. Ó wá gbé ojú kan lé e lọ́wọ́, ojú èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Obìnrin náà fi ìka nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbi ẹnu rẹ̀, ó ń wò ó, kò gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ ń na ohun mìíràn sókè, kò rí ẹni gbà á. Mo wo ìyá mi, mo rí i pé ó ti dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ dúró sójú kan.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí sinimá náà dá. Ọkùnrin tó ń yí i jáde wá, ó ní òun ti wá apá tó kù nínú ọkọ̀, òun kò rí i, ó dájú pé Àkúrẹ́ ló wà. Ariwo sọ. Nígbà tí a ṣí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìtàn náà. Àwọn kan ní ọlọ́pàá yóò mú tọkọtaya náà. Olùkọ́ Bíbélì ní ihò yẹn yóò wó pa ọkọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọba tó kú yóò dìde.

Ìyá mi ní, "Kò sí ẹni tó máa mú wọn. Wọ́n á fi owó náà kọ́ ulé, wọ́n á bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà á kàwé."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohùn ìyá mi nígbà tó bá ń dá àpárá, kì í ṣe ohùn yẹn.

Mi ò bi í léèrè lójú ọ̀nà, nítorí àwọn aládùúgbò bá wa rìn délé. Ọjọ́ kejì ni, nígbà tí a jókòó sí ẹ̀yìn ilé tí a ń ṣa ẹ̀wà, mo ní, "Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn kò ní mú wọn?"

Ó ń fẹ́ ìdọ̀tí ẹ̀wà dànù. "Nítorí wọn kò mú wa," ó ní.

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá sọ fún mi.

Orí ilẹ̀ tí ilé wa wà, agboolé àwọn baba bàbá mi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti wó tipẹ́ kí ìyá mi tó wọlé ọkọ, koríko ti bò ó. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ni wọ́n jọ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí kò ní ohun tó lè fi háyà alágbàṣe. Láyé ìgbà náà, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ṣọ́bìrì rẹ̀ kan ìkòkò. Ìkòkò náà kún fún ìlẹ̀kẹ̀, iyùn àti sẹ̀gi, ọmọrí rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ mọ.

"Ó tó báyìí," ìyá mi ní, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́ títí dé orí ìka. "Ó ní ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ètè rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fèsì. Bàbá rẹ gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì rí i pé ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó wà ní Ìpotì. Mo sọ fún un. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Olórí akọrin ni bàbá rẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òrìṣà ni. Ó ní bí òun bá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí, wọ́n á ní kí òun bọ ọ́. Bí òun bá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí òun sun ún. Ọkùnrin ará Arámọ̀kọ kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra ohun àtijọ́ kiri gbogbo ìlú yìí, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ayétòrò. Ó rà á. Páànù orí ulé yìí, òun ló di."

Mo gbé ojú sókè wo páànù náà. Mi ò mọ̀ pé mo wò ó àfi ìgbà tí ìyá mi ní kí n má wò ó mọ́.

Mo lè sọ pé inú bí mi, tàbí pé ojú tì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló kọ́kọ́ dé ọkàn mi. Ohun tó dé ọkàn mi ni pé, ta ni obìnrin náà? Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Íjíbítì àti ti Róòmù, mo lè ka orúkọ ọba wọn láìwo ìwé. Obìnrin kan sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé wa rí tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń da ìyá mi láàmú. Ṣé ó wọ nǹkan sí ọrùn? Ṣé ó di irun? Ní ọjọ́ kan ó lọ bu amọ̀ ní etí odò, ó jókòó, ó ń mọ ọ́n fún mi kí n lè rí i. Ó mọ ara rẹ̀, ó mọ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ojú, ó fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun rí i kedere bí òun bá di ojú, bí òun bá la ojú, ó ti lọ.

Mo sọ fún olùkọ́ ìṣirò wa, tó jẹ́ ọmọ Arámọ̀kọ, pé mò ń wá ẹnì kan tó ra ohun àtijọ́ nígbà kan, tí ìyá mi ní àpá iná wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò tilẹ̀ ronú. "Bàbá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà nìyẹn. Ọwọ́ yẹn ló fi ń jó irin." Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo ti rò pé ìyá mi yóò kọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ múra. Ó wọ ìró tó fi ń lọ gba ara Olúwa.

Bàbá náà jókòó sábẹ́ òrùlé kékeré kan láàárín àwọn rédíò tó ti tú ikùn wọn síta. Ó ti darúgbó, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. A kí i. Ó dá wa lóhùn láìgbójú sókè, ó bi wá pé rédíò wa dà.

Ìyá mi ní, "Bàbá, kì í ṣe rédíò la gbé wá. Láti Ìjerò la ti ń bọ̀. Ẹ ra ìkòkò kan lọ́wọ́ ọkọ mi, nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ulé."

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú. Ó wo ìyá mi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó ilé olórí akọrin, ìwọ rèé? Ìwọ lo fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti sùn."

"Hẹn-ẹn." Ó tẹ orí ba díẹ̀. "Kí lẹ wá fẹ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbà á padà, ìkòkò náà ti kọjá òkun."

Èmi ni mo fèsì. Mo ní a kò wá gba nǹkan kan. Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bí ọmọrí rẹ̀ ṣe rí ni, nítorí ìyá mi gbìyànjú láti mọ ọ́n, kò lè mọ ojú rẹ̀. Ó yí sí mi, ó bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Olùkọ́ ìtàn," ó ní. "Ó dára. Gbọ́ ìtàn, nígbà náà."

Ó ní òun di ìkòkò náà sínú koríko, òun sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìbàdàn, níbi tí òyìnbó kan ti ń dúró de òun. Ní ìyànà Ìta-Awúrẹ́, ọkọ̀ náà kó sínú kòtò, ẹrù fò sókè. Nígbà tí òun tú u wò, ìkòkò kò ṣe nǹkan, ìlẹ̀kẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọmọrí ti fọ́. Òyìnbó kò ní ra ìkòkò tí kò lọ́mọrí. Òun bọ́ sílẹ̀, òun padà. Òun bẹ obìnrin amọ̀kòkò kan pé kó mọ irú rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú èéfín lókè ààrò, wọ́n rì í mọ́ ẹrẹ̀ fún oṣù kan kí ó lè jọ ti àtijọ́.

"Òyìnbó náà gbé e, ó fẹnu kò ó," bàbá náà ní. "Ó ní òun kò rí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń wò ó. Amọ̀kòkò yẹn ṣì wà láyé nígbà náà, ikọ́ fée ń ṣe ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹnu ko nǹkan kan tó mọ fún ọjà."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò ṣeé ṣe. Bàbá náà bá a rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mò ń dúró de ìyókù.

Mo ní, "Bàbá, èyí tó fọ́ ńkọ́?"

Ó dìde, ó wọ inú ilé. A gbọ́ tó ń ṣí nǹkan, tó ń gbé nǹkan. Nígbà tó jáde, agolo bisikíìtì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dípẹtà. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ ìyá mi.

"Ara rẹ̀ fọ́ sí méje," ó ní. "Ojú rẹ̀ kò fọ́. Mo ti ta ohun tó pọ̀ láyé mi, màmá. Òpó ilé, ilẹ̀kùn tí wọ́n fín ní Ẹ̀fọ̀n, àga ìjòyè. Ṣùgbọ́n mi ò lè da ojú èèyàn nù sórí ààtàn."

Ìyá mi ṣí i. Owú ló fi tẹ́ inú rẹ̀. Ó mú ojú náà jáde, kò tó àtẹ́lẹwọ́, ilà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóòótọ́, ètè rẹ̀ sì là bí ẹni tó fẹ́ fèsì. Ìyá mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òun ni." Bàbá náà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó kàn ní kí a má sọ̀rọ̀ òun ní Ìjerò.

Ohun tó wá ṣòro ni pé a gbọ́dọ̀ sọ fún àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí. Bàbá jẹ́jẹ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, kò dá ọ̀kan sí àfi ẹni tó rà á. Àbúrò bàbá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ṣé ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ ta èèyàn wa?" ó ní.

"Àwa ni."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mò ń wá jẹun nínú ilé yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rò pé yóò lé wa jáde. Ó na ọwọ́. Ìyá mi gbé ojú náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kò rí i pé ó jọ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìpotì?"

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i tó sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo dá a lábàá pé kí a gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lè wò ó, kí wọ́n sọ iye ọdún rẹ̀ fún wa. Bàbá náà gbọ́ mi tán, kò bínú. Ó ní, "Ó ti rìnrìn-àjò tó. Ibi tí wọ́n ti gbé e ni kí a gbé e padà sí." Mo ní ó kéré tán, kí n yà á sínú ìwé. Ó gbà. Mo fi ọjọ́ méjì yà á, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rúlà, mo tẹ bébà mọ́ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mo fi léèdì ìkọ̀wé pa á kó lè jáde.

Ìyá mi mọ ibẹ̀ pátápátá. Abẹ́ pálọ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí ìta. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a kó àga kúrò, bíríkìlà kan tí bàbá mi kọ́ níṣẹ́ orin nígbà kan fọ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀. Kò sí ètùtù, kò sí àlùfáà. Àbúrò bàbá mi, ìyá mi, èmi àti bíríkìlà náà la wà níbẹ̀. Bíríkìlà náà gbẹ́ ẹ dé ibi tí ìyá mi ní ó tó, ó tún gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i kó lè tẹ́jú. Ṣọ́bìrì rẹ̀ kan nǹkan kan. Kò dún bí òkúta. Ó dún bí ohun tó ní inú.

Gbogbo wa dúró. Bíríkìlà náà wo ojú wa. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀, a rí etí nǹkan kan tó rí roboto, tó pọ́n.

Kí n sọ òtítọ́. Nígbà yẹn, mo ti gbé ẹsẹ̀, mo ti tẹ̀ síwájú, mo ti na ọwọ́. Bí àbúrò bàbá mi bá wí pé kí a gbẹ́ ẹ, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ inú ihò náà.

"Ó tó," bàbá náà ní. "Ẹ gbé e sí i lórí, kí ẹ bò ó."

Ìyá mi fi aṣọ funfun wé àwọn àfọ́kù méje náà, ó gbé wọn sílẹ̀, ó gbé ojú náà sórí wọn, ó dojú rẹ̀ kọ òkè. Bíríkìlà dá iyẹ̀pẹ̀ padà, ó po sìmẹ́ńtì, ó fi pákó nà án kó lè tẹ́. Àbúrò bàbá mi gba àdúrà kúkúrú, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìyá mi se àsáró fún bíríkìlà náà. Nígbà tó jẹun tán tó sì ti lọ, èmi àti ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, a ń dúró kí sìmẹ́ńtì gbẹ kí a lè kó àga padà. Ó wá ní:

"Èyí tó kù yẹn. Kí lo rò pé ó wà nínú rẹ̀?"

Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ó ní rárá, ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́, ẹnì kan kì í kó ìlẹ̀kẹ̀ sí ìkòkò méjì. Mo ní ó lè jẹ́ epo ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ó ní epo á ti gbẹ. Mo ní ó lè jẹ́ ti ọkọ obìnrin náà. Ìyá mi ronú sí ìyẹn, ó fa àga ìdáná rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ta ló sọ fún ọ pé ó lọ́kọ?" ó ní, a sì wà lórí ìyẹn títí oòrùn fi rọlẹ̀.